Ẹgbàafà Tí A Kò San: Ìtàn Àwìn, Gbèsè àti Orúkọ Rere Láàárín Àwa Ọmọ Yorùbá Lẹ́yìn Odi

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí wa ní kí n kọ ìtàn kan fún ti ọdún yìí, wọn kò yan orí-ọ̀rọ̀ fún mi. Ìtàn ogun àti ìtàn ọba ti pọ̀ nínú ìwé wa. Ìtàn owó ni mo fẹ́ sọ, pàápàá owó tó wà lọ́wọ́ ẹni ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ti ẹni: ìtàn àwìn, ìtàn gbèsè, àti ìtàn orúkọ tí gbèsè lè gbé ga tàbí kí ó bà jẹ́.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ọdún 2021 mo lọ sí báǹkì kan láti yá mílíọ̀nù méjì náírà kún òwò mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta aṣọ nílùú yìí. Àwọn tí mo ń kó ọjà lọ́wọ́ wọn ní Kantin Kwari kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ mi; bí mo bá ní ọjọ́ Jímọ̀ ni n ó sanwó, wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ náà ni. Mo kó ìwé ṣọ́ọ̀bù mi dání, mo sì mú onígbọ̀wọ́ méjì tẹ̀lé mi, àgbà ọkùnrin méjì tí gbogbo ọjà mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wa lóhùn kò tilẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, gbèsè kan wà tí ẹ kò tíì san tán." Mo ní irọ́ ni. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi. Owó tí mo yá ní ilé ìyáwó kékeré kan lọ́dún mẹ́rin ṣáájú ni. Mo ti san án, mo sì rò pé mo ti san án tán. Àṣé èlé tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ jẹ́ ₦12,000, kò sì sí ẹni tó pè mí fún un.

Ẹgbàafà náírà yẹn ni kò jẹ́ kí n rí mílíọ̀nù méjì gbà. Mo lọ san án, mo gba ìwé pé n kò jẹ wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó hàn lórí kọ̀ǹpútà báǹkì. Ọdún Iléyá tí mo fẹ́ fi owó náà kó ọjà sílẹ̀ dè ti kọjá. Lọ́jọ́ náà ni òwe àwọn àgbà tó wọ̀ mí lára: ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Owó ẹyọ ni àwọn tó pa òwe yìí ń kà. Ẹyọ 12,000 ni ẹgbàafà, ẹyọ 1,200 sì ni ẹgbẹ̀fà. Ẹni tí kò bá san èyí tó pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ pàápàá kò ní rí yá mọ́.

Nítorí náà, máàkì tí àwọn báǹkì ń fún ẹni tó ń yáwó lóde òní, tí wọ́n ń pè ní credit score, kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn baba wa ti ń fún ara wọn ní máàkì kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń pa máàkì náà mọ́, àti ibi tí ó ń pa á mọ́ sí. Àyípadà yìí sì kan àwa tí a jáde nílé ju ẹni tó jókòó sílùú baba rẹ̀ lọ.

ÌWỌ̀FÀ, OLÓGÒ ÀTI ÈMÚ

Kí òyìnbó tó dé, kò sí báǹkì, ṣùgbọ́n owó yíyá wà. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ ìwé náà jáde ní 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó tó pọ̀ yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe ni èlé owó náà. Bó ti wù kí ó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, ojú owó kì í dín kù. Ọjọ́ tí wọ́n bá san ojú owó pé ni ìwọ̀fà tó gba ara rẹ̀. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní àkókò tirẹ̀ tó fi ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ìyà tí a sì lè fi jẹ ẹrú, a kò lè fi jẹ ẹ́. Síbẹ̀, kí a má tan ara wa jẹ: ọ̀pọ̀ ọmọ ló lo ìgbà èwe wọn sídìí gbèsè tí kì í ṣe àwọn ló jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ìjọba amúnisìn fi òfin dá a dúró díẹ̀díẹ̀.

Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san ńkọ́? Olówó a gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjòyè, a sì rán ológò sí i. Ológò a lọ jókòó sílé onígbèsè. Yóò máa bú u, yóò máa pariwo orúkọ rẹ̀, yóò béèrè oúnjẹ, yóò sì mú adìyẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá rí lágbàlá, ti ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́. Kì í ṣe onígbèsè nìkan ni ìyọnu náà wà fún. Gbogbo agbo ilé ni wọn kì í jẹ́ kó sinmi, kí àwọn ará ilé lè fúnra wọn lé ọmọ wọn lọ wá owó. Ìtìjú ni irin iṣẹ́ ológò.

Bí onígbèsè bá sì wà ní ìlú mìíràn tí apá kò ká a, èmú ló kù. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó a dènà sọ́nà, a mú ẹnikẹ́ni tó bá ti ìlú onígbèsè náà wá, a sì dá a dúró títí àwọn ará ìlú rẹ̀ yóò fi wá san gbèsè náà. Ẹni tí wọ́n mú lè má mọ onígbèsè rí. Pé wọ́n jọ ti ìlú kan náà wá ti tó. Ẹ̀yin ará, èmú ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwa tí a wà lẹ́yìn odi mọ̀ pé òjìji rẹ̀ ṣì wà. Bí ọ̀kan nínú wa bá kó ọjà ọlọ́jà sá lọ lónìí, ẹni tó kàn láti béèrè àwìn lọ́la yóò gbọ́ ọ pé, "Ẹ̀yin Yorùbá kọ́ ni?"

ÈSÚSÚ: IBI TÍ A TI Ń MỌ ẸNI TÓ ṢEÉ FỌKÀN TÁN

Kì í ṣe gbogbo owó ni ìnira. Johnson kọ nípa èsúsú pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn a kó ara wọn jọ, oníkálukú a máa dá iye kan náà ní ọjọ́ tí wọ́n fẹnu kò sí, wọn a sì máa kó gbogbo rẹ̀ fún ọ̀kan lẹ́yìn èkejì títí yóò fi kárí. Ní 1952, William Bascom, òyìnbó Amẹ́ríkà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìmọ̀ àṣà Yorùbá, kọ odindi àpilẹ̀kọ lórí èsúsú, ó sì pè é ní ètò ìyáwó. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kó èsúsú, owó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló yá. Ẹni tó kó kẹ́yìn, òun ló yá gbogbo wọn lówó. Ìdí nìyí tí olórí èsúsú tó gbọ́n kì í fi ẹni tuntun síwájú. A fi í sẹ́yìn lákọ̀ọ́kọ́, a wò ó bóyá á dá tirẹ̀ lásìkò, kí ó tó wá bọ́ síwájú nínú èyí tó ń bọ̀. Bí a bá ń wá máàkì ìyáwó láyé àtijọ́, ipò ẹni lórí ìlà èsúsú ni.

Àṣà yìí lágbára débi pé òkun kò gbé e mì. Nígbà tí a kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Trinidad, èsúsú bá wọn débẹ̀, "susu" ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Nílé níbí, àjọ ni ìkejì rẹ̀, èyí tí alájọ ń gbà kiri lójoojúmọ́. Gbogbo wa la mọ òwe alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Ẹ̀dá alààyè ni baba náà: Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1915, ó sì kú ní 2012. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ló lè wọ kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Ohun tí wọ́n ń yìn ín fún ni pé kì í ṣi owó ẹnikẹ́ni kà, kò sì jẹ́ kí owó ẹnikẹ́ni sọnù. Òtítọ́ inú ni ọjà tó tà, ó sì tà á pẹ́.

ÒṢÓMÀÁLÓ ÀTI ỌKỌ̀ OJÚ IRIN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 ni àwọn Ìjẹ̀ṣà gbé irú àwìn mìíràn dìde. Wọn a kó aṣọ láti ilé ìtajà, wọn a gbé e ká abúlé dé abúlé ní Èkìtì, Àkókó, Ìgbómìnà àti títí dé òkè Ọya, wọn a sì tà á láwìn fún àwọn àgbẹ̀ tí kò lè san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Bí owó kò bá jáde, oníṣòwò a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, a ní lílóṣòó ni òun máa lóṣòó títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Òṣómàáló. Ọ̀jọ̀gbọ́n J.D.Y. Peel kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà, tó jáde ní 1983.

Ẹ̀fẹ̀ ni a ń fi orúkọ náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Òṣómàáló tó fẹ́ tà láwìn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń tà fún. Ta ni baba rẹ̀? Oko rẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe tóbi tó? Ìgbà wo ni ìkórè? Ta ló tún jẹ lówó? Ṣé ó san ti èṣí? Ìbéèrè márààrún yìí náà ni báǹkì ń béèrè lónìí. Òṣómàáló kàn ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú orí ni. Òun fúnra rẹ̀ náà ní ẹni tó fọkàn tán an, nítorí àwìn ni ọ̀pọ̀ wọn fi kó aṣọ wọn. Ẹ̀wọ̀n ni àwìn: bí ìkan bá já, gbogbo rẹ̀ a tú.

Ní 1912 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí ná Èkó sí Kano. Àwọn baba wa wọ̀ ọ́ wá: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, oníṣòwò obì, aláṣọ, àwọn ìyá alátẹ. Sabon Gari ni wọ́n dó sí. Ẹ fojú inú wo ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìjẹ̀bú. Nílé, gbogbo ènìyàn ló mọ ilé tó ti jáde. Níhìn-ín, orúkọ baba rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan létí ẹni tó fẹ́ tajà fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kù sílé.

Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti wúlò jù lọ, láìṣe pé wọ́n ń jó lọ́jọ́ ọdún nìkan. Ẹgbẹ́ ló ń sọ fún olówó pé, "A mọ ilé rẹ̀." Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ gbèsè tí kò san, ìpàdé ni wọ́n ń mú ẹjọ́ rẹ̀ wá, bó bá sì le, wọn a kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Ẹrù lẹ́tà yẹn ń ba ènìyàn ju ọlọ́pàá lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi UAC àti John Holt náà ń fún oníṣòwò tí wọ́n bá gbà gbọ́ lọ́jà láwìn, wọ́n sì ń kọ ohun tó kó àti ohun tó san sínú ìwé pélébé tí a ń pè ní pásíbúùkù. Ìwé pélébé yẹn ṣe pàtàkì nínú ìtàn wa: orúkọ rere bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́nu ènìyàn, ó ń bọ́ sínú ìwé.

NÍGBÀ TÍ ORÚKỌ KÙ SẸ́YÌN: GHANA, 1969

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ewu tó wà nínú kí orúkọ ẹni wà lẹ́nu ènìyàn nìkan, kí ó bi àwọn àgbà tó bọ̀ láti Ghana. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ṣakí, Igbóho àti Ìlọrin ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti Accra àti Kumasi títí dé Tamale. Àwìn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kó ọjà, àwìn ni wọ́n sì ń tà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Dókítà K.A. Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba gbèsè ogún ọdún. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó mọ̀ pé bí ọjọ́ náà bá ti pé, kò sí ẹni tí yóò wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn mọ́. Ẹlòmíràn ta ọjà rẹ̀ ní ìdajì owó, ẹlòmíràn fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n padà sí ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò dé rí. Owó lọ, ọjà lọ, ṣùgbọ́n ohun tó dùn wọ́n jù ni pé orúkọ tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ lọ́jà Tamale tàbí Kumasi kò wúlò fún wọn nílé. Kò sí ìwé kan tó sọ pé Àlàájì yìí kì í jẹ gbèsè mọ́jú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí èsúsú, ní ipò ẹni tó ń kó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí iná tàbí rògbòdìyàn ti lé kúrò ní ìlú kan sí òmíràn ní òkè Ọya yìí, ohun tí mo ń wí yé yín.

BÁǸKÌ DÉ, ṢÙGBỌ́N KÒ MỌ̀ WÁ

Báǹkì kò ṣàìsí ní gbogbo àkókò yìí. Ní 1894 ni Bank of British West Africa, tí a mọ̀ sí First Bank lónìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ṣùgbọ́n àwọn báǹkì òyìnbó kì í sáábà yá adúláwọ̀ lówó; wọ́n ní àwọn kò mọ̀ wọ́n, wọn kò sì ní ohun ìdógò. Èyí wà lára ohun tó mú kí Dókítà Akinọlá Májà, T.A. Doherty àti H.A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní 1933, tí Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè sì dá Àgbọ́nmágbẹ Báǹkì sílẹ̀ ní 1945, èyí tó di Wema lónìí. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà jáde ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó àti òṣìṣẹ́ sì rí ibi tí wọ́n ti lè yáwó láàárín ara wọn. Ìlànà kan náà ni gbogbo wọn tẹ̀lé: ẹni tó mọ̀ ọ́ ni yóò yá ọ lówó.

Bí ìlú ṣe ń tóbi sí i, ẹni tó mọni ń dín kù. Ẹnìkan lè jẹ gbèsè ní báǹkì kan ní Èkó, kí ó tún wá yá òmíràn ní Kano, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Kì í sì í ṣe mẹ̀kúnnù ni àkóbá rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù. Ní oṣù kẹjọ 2009, nígbà tí gbèsè àwọn ènìyàn ńláńlá fẹ́ dá àwọn báǹkì kan dùbúlẹ̀, Báńkì Àpapọ̀ tẹ orúkọ àwọn onígbèsè jáde nínú ìwé ìròyìn fún gbogbo ayé rí. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí ìtàn ológò yóò mọ̀ pé nǹkan náà ni, àfi pé bébà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn.

ORÚKỌ WỌ INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ṣáájú ìgbà náà, ní 2008, Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ tí yóò máa pa àkọsílẹ̀ gbèsè mọ́, tí a mọ̀ sí credit bureau. Mẹ́ta ló gba ìwé àṣẹ: CRC, FirstCentral tó ń jẹ́ XDS tẹ́lẹ̀, àti CR Services tí a tún mọ̀ sí CreditRegistry. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2014 ni BVN bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó so gbogbo àkáǹtì ẹni pọ̀ mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀. Ní 2017, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò ń dípò Ààrẹ, ó fọwọ́ sí òfin tó dá lórí àkọsílẹ̀ ìyáwó. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2020, báǹkì tí a jẹ lówó lè gba ojú owó àti èlé rẹ̀ nínú àkáǹtì tí a ní ní báǹkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN yẹn, lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń pè ní GSI. Ibi ìsápamọ́sí ti tán.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ? Báǹkì, báǹkì kékeré alábọ́ọ́dé àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayánilówó orí fóònù ń fi àkọsílẹ̀ wa ránṣẹ́: iye tí a yá, ọjọ́ tó yẹ ká san, ọjọ́ tí a san án, iye tó kù. Láti inú èyí ni wọ́n ti ń ṣírò máàkì. Èyí tí wọ́n ń lò jù bẹ̀rẹ̀ láti 300, ó sì parí sí 850. Bó bá ṣe ga tó ni ọkàn olówó ṣe ń balẹ̀ tó. Ohun tó ṣe kókó jù ni bóyá a ń san gbèsè lásìkò. Èyí tó tẹ̀ lé e ni bí gbèsè tó wà lọ́rùn wa ṣe wúwo tó. Wọ́n tún ń wo bó ti pẹ́ tó tí a ti ń yáwó tí a sì ń san án, àti iye ìgbà tí a sáré lọ yáwó láìpẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà kì í béèrè iye owó tó wà lápò ẹni. Olówó tí kì í san gbèsè lásìkò lè ní máàkì tó kéré ju ti olùkọ́ tó ń san díẹ̀díẹ̀ lọ.

Àwọn ayánilówó orí fóònù gbé ológò padà wá. Bí ẹni tó yáwó bá pẹ́ san, àwọn kan nínú wọn a máa kọ ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ̀: pásítọ̀, àna, ọ̀gá, ọmọ ẹgbẹ́. Ìjọba, nípasẹ̀ àjọ FCCPC, gbé ìlànà jáde ní 2022 láti fi ipá mú wọn forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì jáwọ́ nínú ìwà yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ni mo ń bá wí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń yá ₦5,000 lórí fóònù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì ń rò pé owó kékeré kì í ṣe gbèsè. Ẹ sọ ìtàn ẹgbàafà mi fún wọn.

OHUN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ MỌ̀

N kò ní sọ pé ayé àtijọ́ ló dára jù. Ayé àtijọ́ ló fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, òun náà ló mú aláìṣẹ̀ sọ́nà nítorí gbèsè ẹlòmíràn. Ti òde òní dára ní ibì kan tó tóbi: gbèsè mi kì í ṣe gbèsè ará ìlú mi mọ́, orúkọ mi sì lè bá mi rìn. Bí mo bá kó kúrò ní Kano lọ sí Port Harcourt lọ́la, àkọsílẹ̀ mi ti dé ibẹ̀ kí n tó dé. Bí irú èyí bá wà fún àwọn tó bọ̀ láti Ghana, wọn kì bá tí bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Kò mọ ìdí. Nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan nínú wa, ìpàdé jókòó, wọ́n bẹ àwọn tó jẹ lówó, wọ́n sún ọjọ́ síwájú fún un, ó sì san gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún méjì. Lójú ọjà, ọmọlúàbí ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó pẹ́ san gbèsè ni. Ìdí nìyí tí a fi nílò méjèèjì: ìwé tó ń bá wa rìn, àti ènìyàn tó mọ̀ wá. Ẹni tó bá fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nítorí pé ọjà mọ̀ ọ́n, bó ṣe ṣe mí ni yóò ṣe é. Ẹni tó bá sì gbójú lé kọ̀ǹpútà nìkan, lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé kò ní rí ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Àwọn nǹkan tí mo kọ́ rèé, mo sì fẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé wọn yẹ̀ wò:

1. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ yín. Òfin fún wa ní ẹ̀tọ́ láti rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ yáwó.

2. Bí ẹ bá san gbèsè tán, ẹ gba ìwé pé ẹ kò jẹ mọ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Owó tí a rò pé a ti san tán yàtọ̀ sí owó tí a ti san tán.

3. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ kọ ìwé sí ilé àkọsílẹ̀ náà àti ẹni tó fi orúkọ yín ránṣẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

4. Bí ẹ bá rí i pé ẹ kò ní lè san lọ́jọ́ tí ẹ dá, ẹ lọ bá olówó kí ọjọ́ náà tó pé. Ọjọ́ tuntun tí a jọ fẹnu kò sí sàn ju fóònù tí a pa lọ.

5. Ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi BVN yín yáwó, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí inú yín. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọmọ ni.

6. Kí ẹ tó gbọ̀wọ́ fún ẹnìkan, ẹ bi ara yín pé bí kò bá san, ṣé ẹ lè san án? Bí ẹ kò bá lè san án, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ìtìjú ọjọ́ kan kò tó àbámọ̀ ọdún mẹ́ta.

Fún ẹgbẹ́ wa, àbá kan ṣoṣo ni mo ní. Àwọn tó ṣáájú wa dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ kí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lè rí ẹni tí yóò sọ pé, "A mọ ilé rẹ̀." Ọ̀dọ́ tó ń dé lónìí kò wọ ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì ló wọ̀, BVN rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí a máa ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ìpàdé láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa bí a ti ń ka àkọsílẹ̀ yìí, kí a sì mú àjọ àti èsúsú ẹgbẹ́ wa le, kí ẹni tó bá nílò ₦20,000 lóru má baà sá tọ ológò orí fóònù lọ. Bí a bá ṣe èyí, iṣẹ́ àwọn baba wa náà là ń ṣe.

Mo rí owó báǹkì náà gbà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, mo sì ti san án tán. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpótí mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ilé.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Olúwa kò ní jẹ́ kí a fi orúkọ wa ṣòfò. A kò ní bẹ́gi dínà ara wa, a kò sì ní bẹ́gi dínà àwọn ọmọ wa. Ẹ̀mí wa yóò ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Ire o.